Ààlè tí mo so sórí ebè tòmátì

Ọdún tí ìwé di ọ̀fẹ́ ni mo wọ ilé ọkọ ní Lálúpọn. Wọ́n ń mú kí àwọn ọmọ kéékèèké na ọwọ́ gba orí kọjá kan etí kejì, láti mọ ẹni tó tó ilé ìwé lọ, èmi ń gbé ẹrù ìyàwó bọ̀. Ohun tí mo fi mọ ọdún náà nìyẹn, ẹ má bi mí ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi, iṣẹ́ tòmátì ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ìyàwó tíṣà kì í ra ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní àkùrọ̀ kan létí odò, ilẹ̀ tútù tí a fi ń dáko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fún mi ní ebè mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní bí mo bá lè tọ́ tòmátì ibẹ̀ yè, àwọn á fún mi ní ìdajì àkùrọ̀ náà. N kò ní ilẹ̀ tí mo lè pè ní tèmi rí.

A máa ń gbin kóró rẹ̀ sínú ìkòkò fífọ́ tí a bu ilẹ̀dú sí. Tó bá yọ ewé mẹ́rin, a ó ṣí i lọ sórí ebè. Tèmi kò tíì pẹ́ lórí ebè, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ló yọ òdòdó. Kí n má purọ́, mo yangàn. Mo ń pe àwọn obìnrin ilé wá wò ó.

Ìyá wò ó, wọ́n ní kí n já gbogbo òdòdó náà dànù, pé ọmọdé ni igi náà, kò tíì ní gbòǹgbò tó máa fi bọ́ ọmọ. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà á. Ìyàwó tuntun tó ń retí oyún, kí n wá máa já ohun tó fẹ́ di èso? Mo bomi rin ín, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, òdòdó ti lọ, àfi ti ebè kan. Mo fẹ̀sùn kan àwọn adìẹ, mo da agbọ̀n bò wọ́n. Òdòdó tún yọ, ó tún lọ, adìẹ ṣì wà lábẹ́ agbọ̀n. Ó wá dá mi lójú pé ènìyàn ni, ẹni tí kò fẹ́ kí n gba àkùrọ̀. Ni mo bá wá àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó, mo so wọ́n mọ́ ọ̀pá kan, mo rì í sáàárín ebè. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, a gbà pé ara rẹ̀ ni yóò fi jìyà. Mo tún sọ̀rọ̀ sí i, mo ní kí ọwọ́ olè náà wú.

Ìyá ti odò dé, wọ́n sọ omi kalẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"Ìyàwó, ta lo fẹ́ kí èyí mú?"

"Olè tó ń já òdòdó mi ni, mà."

Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e dúdú, wọ́n ń rùn bí ewé tòmátì. Ẹni tó bá ti já a rí ló mọ̀, oje rẹ̀ máa ń dúdú lọ́wọ́, ọṣẹ kì í tètè fọ̀ ọ́ kúrò.

"Olè náà rèé. Ṣé ó ti wú tó bí o ṣe fẹ́?"

Mo kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni mo ṣẹ́ èpè fún! Mo ti ń rí ẹrù mi lójú ọ̀nà ilé bàbá mi.

Wọ́n ní kí n dìde, kí n tú ohun tí mo so, pé ẹni tó so ó ló ń tú u. Wọ́n ní àwọn mọ ìdí tí ọwọ́ mi kò fi lè já a, ìyẹn ni àwọn ṣe ń bá mi já a ní ìdájí. Ebè kan ṣoṣo ni wọn kò fọwọ́ kàn. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ tíṣà mi.

Tíṣà náà kọ́ mi. Èso bíi mélòó kan ló so, kò tóbi ju ẹyìn ọ̀pẹ lọ, igi ibẹ̀ sì gbẹ. Ebè mẹ́sàn-án tó kù, èmi fúnra mi ló já òdòdó wọn títí igi fi ga dé orúnkún, tí ìdí rẹ̀ sì le, kí n tó fi wọ́n sílẹ̀. Èso tẹ ọ̀pá tí a fi gbé wọn dúró. Ìyàwó tíṣà kan bi Ìyá pé ta ló ni irú èyí.

Wọ́n ní, "Ti ọmọ mi ni."

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni mo gba àkùrọ̀, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Ìyá.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, tí wọ́n bá ń kùn pé ẹnì kan nínú ilé ń dí àwọn lọ́wọ́, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé, kí wọ́n tó so ààlè, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìka àwọn ará ilé wọn.