Bàbá Àlàmú kì í wọlé láì kágò

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri ọjà Okaishie ní Accra pé wọ́n lé Bàbá Àlàmú níṣẹ́ nítorí pé wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Irọ́ ni. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Èmi Ìyá Sherifa tí mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá ló ń tọ́jú ilé ẹrù níbi tí a ti ń ta fáànù, wáyà àti gílóòbù. Màmá tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ti darúgbó, wọ́n ti fi í lé ọmọ wọn, Màdáàmù Adùnọlá, lọ́wọ́. Nígbà tí Màmá pé ọgọ́rin ọdún, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ fi àwòrán kéèkì ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Bàbá Àlàmú ní ta ló ń fi kéèkì kí àgbà. Wọ́n gbé fóònù fún Phoebe, ọmọ Gã tó ń bójú tó owó, wọ́n nà gbalaja nínú ilé ẹrù, wọ́n ní kó ya àwọn. Phoebe ń bẹ Papa Alata, bó ṣe máa ń pè wọ́n nítorí Alata ni àwọn Gã ń pe àwa Yorùbá, pé kí wọ́n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní àfi tí ìgúnpá méjèèjì bá hàn.

Ìkíni ìkọ̀kọ̀ kì í jọ Bàbá lójú, nítorí náà gúrúpù tí gbogbo oníbàárà wà ni wọ́n fi àwòrán náà sí. Páálí fáànù tuntun ló tò sẹ́yìn wọn, iye tí a fẹ́ máa tà á sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wa ti gbé irú fáànù kan náà síta, wọ́n ń tà á ní iye tó dín sí tiwa. Wọn ò tilẹ̀ kí Màmá.

Màdáàmù pe Bàbá jókòó. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ sọ lórí gúrúpù èyíkéyìí, ti òṣìṣẹ́ tàbí ti oníbàárà: kò sí ìkíni, kò sí àdúrà, kò sí àwòrán ilé ẹrù. Bí Bàbá bá tún ṣe é, kí wọ́n máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ Àgbékẹ́ ìyàwó wọn kò ríran mọ́, iṣẹ́ yẹn sì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ìyà gidi ni òfin yẹn. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń fi ohùn ránṣẹ́, tí wọ́n á fi oríkì kí wa níkọ̀ọ̀kan. Phoebe kò ní oríkì, wọ́n bá sọ ọ́ ní Àṣàbí. Bí o ò bá dáhùn, wọ́n á wá bá ọ nídìí iṣẹ́ pé ṣé kò sí ìbínú. Mo ní Bàbá, fóònù mà ni. Wọ́n ní, "Ilé ni. Ewúrẹ́ nìkan ló ń wọlé tí kì í kágò."

Ṣùgbọ́n wọ́n pa òfin mọ́. Wọ́n á kọ "Wáyà ti tán," wọ́n á pa fóònù, ẹnu wọn á ṣì máa mì. Ìgbà kan ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ pé, "Wáyà ti tán, ara yín á le o." Màdáàmù bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Bàbá ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ ò le, ṣé ó lè wá ra wáyà?"

Àfi bí Màmá ṣe kú. Màdáàmù kọ ọ́ sórí gúrúpù àwa òṣìṣẹ́ láti ilé wọn ní Darkuman pé Màmá ti lọ, a ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Òfin ni kálukú ń rò. Phoebe nìkan ló dáhùn: ó fi àwòrán àtàǹpàkò tó nàró ránṣẹ́, bí a ti máa ń ṣe tí ọkọ̀ ẹrù bá dé.

Bàbá Àlàmú jókòó lórí páálí, wọ́n ń wo àtàǹpàkò yẹn. Wọ́n bi mí pé ṣé a ò ní kí ọmọ olóòkú ni. Mo rán wọn létí Àgbékẹ́. Wọ́n tẹ nǹkan, gbogbo wa sì rí i lórí fóònù wa pé Àlàmú ti jáde kúrò nínú gúrúpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé wọ́n lé wọn. Tírótírò, bọ́ọ̀sì akérò tó ń lọ Darkuman, ni wọ́n lọ wọ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n kágò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Màmá. Màdáàmù tí kò tíì sunkún láti àárọ̀ bú sẹ́kún. Nígbà tó nujú tán, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ jáde nínú gúrúpù?"

"Inú ibẹ̀ lẹ ní a ò ti gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Mo jáde kí n lè kí yín."

Ó rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dá wọn padà sínú gúrúpù. Òfin tuntun ni pé a lè máa kíra wa láàárọ̀, ṣùgbọ́n kí páálí má sí nínú àwòrán. Bàbá fi ohùn dúpẹ́. Dátà mi tán kí wọ́n tó kan orí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni àìsàn dé. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo lọ wò wọ́n nílé wọn ní Lagos Town, nínú Accra níbí. Àgbékẹ́ jókòó tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn.

"Ìyá Sherifa, tó o bá gbọ́ pé mo ti lọ, má fi ojú kékeré tó ń sunkún yẹn ránṣẹ́ sí Àgbékẹ́. Kò ní rí i. Wọ tírótírò. Kágò, kó gbọ́ ohùn rẹ."