Ṣọ́ọ̀bù Kajú Tí Mo Fi Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣí

Nígbà tí mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kajú ní Akpassi, mi ò ní ìwé ìbí. Ilé ìwé àwọn fàdá ni àwọn òbí wa fi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí, ó sì di tíṣà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mẹ́tìrì. Oko ni wọ́n mú èmi lọ. Ọ́fíìsì ìjọba ní ẹni tí kò ní ìwé kò lè forúkọ òwò sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kí n fi ra síìmù. Mo ra síìmù náà. Mo tún fi káàdì yẹn forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo fọwọ́ sí ìwé bí ẹni pé òun ló rán mi. Mi ò sọ fún un. Bí ẹ̀gbọ́n mi yìí bá ra adìyẹ lọ́jà, á béèrè rèsíìtì. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ lọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo sì ń san owó orí déédéé. Nígbà tí òwò náà ò lérè mọ́, mo kógbá wọlé bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí ṣe é. Mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, mo lọ dágbére fún ìyálọ́jà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí mo ń lọ. Gbogbo Akpassi ló mọ̀ pé mi ò ra kajú mọ́. Ohun tí gbogbo ìlú bá ti mọ̀, ta ni yóò tún lọ máa sọ ọ́ fún ìjọba? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ará Bantè ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá díje fún ipò nínú ìgbìmọ̀ kọ́mùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì wù ú gan-an. Ìwé kan ṣoṣo ló kù: kítúùsì, èyí tí àwọn agbowó orí máa ń fún ẹni tí kò jẹ ìjọba lówó. Ẹni tí kò bá ní in, wọn kì í gba orúkọ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ kan péré kí wọ́n ṣíwọ́ gbígba ìwé. Mo gun ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, a forí lé ọ́fíìsì àwọn agbowó orí ní Savalou, inú mi ń dùn pé èmi náà fẹ́ di àbúrò èèyàn ńlá.

Agbowó orí kan tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un tẹ̀.

“Mẹ́tìrì, ẹ jẹ owó orí ọdún mẹ́rin lórí ṣọ́ọ̀bù kajú kan l'Akpassi.”

“Ṣọ́ọ̀bù wo?”

“Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí wa pé ẹ ti tì í. Owó sì ń gorí owó.”

Owó náà ju ohun tí àwa méjèèjì lè rí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Agbowó orí náà lójú àánú. Ó ní, “Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló lo orúkọ yín, ẹ kọ ọ́ síbí. A máa yọ ọ́ kúrò lọ́rùn yín, ẹ ó gba kítúùsì yín lónìí. Ẹni tó ṣe é la máa lọ mú.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Nínú gbogbo ẹbí wa, èmi nìkan ló ra kajú rí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí, mi ò ní parọ́.

“Èmi ni mo ṣí i,” ẹ̀gbọ́n mi sọ fún agbowó orí náà. “Mo gbàgbé láti kọ̀wé ni.”

Lọ́nà, kò bú mi. Ó kàn béèrè bóyá mo ti wá gba ìwé ìbí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó dáa.”

Wọ́n fi orúkọ ẹlòmíì rọ́pò tirẹ̀, ẹni yẹn ló sì wọlé. Gààrí tí mo ń tà ni mo fi ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan; ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nílé ni pé òun gbàgbé láti san owó orí. Bí mo bá lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ bá yọjú, ìyàwó á kọjú sí mi: “Ẹ bá mi wo bàbá àwọn ọmọ mi, tíṣà tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tó lọ gbàgbé owó orí!” Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á ní kó bu ọbẹ̀ kún tèmi. Èmi á sì na abọ́ mi sí i.