Agolo Mílíìkì Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní ilé ọkọ mi ní Ìrẹmọ, nílùú Ifẹ̀, wọn kì í jẹ ohun tó bá dára. Wọ́n máa ń gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ni, kí àlejò lè rí i. Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, ló ni òfin yìí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, àbúrò ọkọ mi fi agolo mílíìkì ọmọ ọwọ́ kan ránṣẹ́ láti òkè òkun. Màámi fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abọ́ aláràbarà tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń fi í hàn. Mo ní kí a ṣí i kó tó bàjẹ́, wọ́n ní ojú ń kán mi jù.

Èmi rèé, n kì í ra ohunkóhun láìyẹ ìdí rẹ̀ wò. Rédíò ń kìlọ̀ ṣáá pé àwọn oníjìbìtì ń pa ọjọ́ ìbàjẹ́ tó wà ní ìdí agolo rẹ́, wọ́n ń tẹ òmíràn lé e. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi sọ mí ní A-yẹdí-agolo-wò, tí gbogbo agboolé sì gbà á lẹ́nu wọn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo bí èkejì, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́. Ọkọ mi wà ní Ìlọrin níbi iṣẹ́, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn. Ọjà ò ná mọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa. Ibọn ń dún lápá ibi tí mo ti máa ń ra mílíìkì. Ibà wá gbé mi ṣánlẹ̀, nígbà tí mo fi máa dìde, ọmú mi ti gbẹ. Ọmọ ń fà á, kò rí nǹkan kan, ó ń ké. A fún un lómi ògì, ó bì í dànù. Abiyamọ kan ṣoṣo tí ì bá fún un lọ́mú ní agboolé ti sá lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ilé ìwòsàn sì wà lódìkejì ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo gbójú sókè, mo rí agolo náà. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo yẹ ìdí rẹ̀ wò: ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Bí mo bá fún ọmọ, ó lè pa á. Bí n kò bá fún un, ebi máa pa á. Inú bí mi sí ìyá ọkọ mi débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

"Màámi, ẹ wò ó," ni mo wí, "ó ti bàjẹ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀."

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ yìí?"

Wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìdí ṣíbí já ìdérí rẹ̀. Mílíìkì náà ti dì ní kókó kókó, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, ó ń rùn bí inú àpótí aṣọ. Wọ́n pò ó mọ́ omi gbígbóná nínú kọ́ọ̀pù. Nílé wa, bí oúnjẹ kan ò bá dáni lójú, àgbà ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọmọdé tó fẹnu kàn án. Màámi gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu, wọ́n mu ún tán.

"Kò kan," ni wọ́n wí. "Bó ṣe yẹ kó rí náà ló rí. Bó bá sì máa pa ẹnì kan, èmi ni kó kọ́kọ́ pa."

A jókòó ti ara wa. Mo ń wo ojú wọn, mo ń wo ikùn wọn. Mo mọ̀ pé ikùn àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo tún fẹ́ dì mú? Oòrùn kan àtàrí, inú ò run wọ́n. Ẹkún ọmọ náà ni kò jẹ́ kí n lè dúró mọ́. Kò ké bíi ti àárọ̀ mọ́. Ó kàn ń kùn bí ọmọ ológbò. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ti ibọn lọ. Mo po mílíìkì náà, mo fi ṣíbí kékeré bù ú sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó lanu fún òmíràn.

Ó sùn. Mo ń fi ìka sí ihò imú rẹ̀ wò, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ agolo pàápàá. Nígbà tó jí, ó tún ń wá a. Òun la fi gbé e dé ìgbà tí ọ̀nà là. Títí di òní, mi ò lè sọ pé mílíìkì náà dára. Mo kàn mọ̀ pé kò pa ọmọ mi ni. Bí ẹlòmíràn bá bi mí bóyá kí òun fún ọmọ tòun, mi ò ní mọ ohun tí màá wí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ra agolo tuntun wá. Màámi tún fi etí ìró nù ún, wọ́n ń gbé e lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn, ohun tí ìyàwó ilé kì í ṣe, mo sì ṣí i lójú wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mo bu díẹ̀ sí i, wọ́n lá a. Wọ́n tún lá a.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, "àṣé báyìí ló ṣe ń rí lẹ́nu? Mi ò tọ́ ọ wò rí kí ọjọ́ yẹn tó dé o."

Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bú sẹ́kún.