Ògbufọ̀ Kì í Fo Ẹsẹ Orin

Ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò lọ síbi iṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi la wa mọ́tò láti ilé wa ní Mitchellville, lókè òkun níbí, lọ sí àjọ̀dún tí ìlú kékeré kan, tí kò jìnnà sí Seat Pleasant, máa ń ṣe nígbà sọ́mà, ìgbà ooru. Wọ́n ti dí títì, mọ́tò ò lè kọjá, olórin sì wà káàkiri. Níbí, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń fi igi lu bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Lọ́hùn-ún, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí àga, ó ń ta gìtá. Mo ti ṣèlérí fún ọkọ mi pé lọ́jọ́ yẹn, ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe kò ní ju kó di àgbàdo sísun mú lọ.

Ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ògbufọ̀ àwọn adití ni mí. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ràn bá fi ẹnu sọ, èmi á fi ọwọ́ àti ojú sọ ọ́ fún adití. Ohun tí adití bá fi ọwọ́ sọ, èmi á fi ẹnu sọ ọ́ síta. Ìlú Adelphi ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó, lọ́dọ̀ obìnrin adití kan tí à ń pè ní Mísì Loretta. Ohun tó mú un kọ́ mi ni pé ó ti sú u kí n máa pariwo sí i létí.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí, dókítà kan sọ fún ọkùnrin adití kan tó ní àtọ̀gbẹ pé bí kò bá jáwọ́ nínú ohun dídùn, wọn yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le jù lójú mi. Wọ́n ṣáà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Mo bá sọ fún un pé dókítà ní kó rọra máa jẹ ohun dídùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti gé méjì nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Mísì Loretta, kò bá mi jà. Ohun kan ṣoṣo ló fi ọwọ́ rẹ̀ béèrè: "Ta ló ní kí o bá a yan èyí tó máa gbọ́?" Láti ọjọ́ náà, n kì í dín ọ̀rọ̀ kù, n kì í fi kún un.

Níbi àjọ̀dún yẹn, mo rí bàbá kan níwájú pèpéle àwọn olórin, ó gbá bàlúùnù mọ́ àyà. Mo mọ̀ ọ́n ní adití lójú ẹsẹ̀, nítorí ìró orin máa ń gba inú bàlúùnù wọ àyà wọn. Ó ń kọ̀wé sí ọmọbìnrin kan tó ń ṣètò àjọ̀dún. Mo sún mọ́ wọn, mo sì fi ọwọ́ kí i. Ó ní Curtis lorúkọ òun, iṣẹ́ ìtẹ̀wé lòun ṣe títí òun fi fẹ̀yìn tì. Renee ọmọ òun ló fẹ́ kọrin, òun sì ti ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ògbufọ̀ ọ̀hún ò wá. Ọmọbìnrin tó ń ṣètò náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbádùn ìlù. Mo rí ohun tí bàbá náà kọ fún un: "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbádùn ìlù. Ohun tí ọmọ mi ń sọ ni mo fẹ́ mọ̀."

Ọkọ mi wò mí. "Màmá Tómi, ìwọ lo ṣèlérí o."

Mo ní kó má bínú, mo sì gba ẹ̀yìn pèpéle lọ.

Orin ló le jù nínú iṣẹ́ wa. Ó yẹ ká ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ká sì jẹ́ méjì tí á máa gbara wa sílẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Renee fi ọ̀rọ̀ orin hàn mí lórí fóònù, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó kan orin ìkẹyìn, ó fi ọwọ́ bo fóònù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹsẹ kẹta fún un."

Mo ní kó jẹ́ kí n kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ pè é níwájú ṣọ́ọ̀bù kan kó wá bá òun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà nítòsí, ojú sì tì í láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ níṣojú wọn. Ó sá sẹ́yìn mọ́tò bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní òun ti kọ orin náà káàkiri, bàbá òun á sì jókòó níwájú, á máa pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bí o bá kọ ọ́, màá sọ ọ́," mo dá a lóhùn. "Bí o ò bá fẹ́ kó mọ̀, má kọ ọ́. Gbogbo èrò yìí ò lè mọ̀ kó wá ku ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn."

Wọ́n pè é.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ìlù gó-gò, tí àwọn ará ìhín fi ń yangàn, kì í sinmi láàárín orin kan sí èkejì, nítorí náà èmi náà ò sinmi. Nígbà kan, Renee ní ìlù ń jó bí iná. Mo fi ọwọ́ sọ pé iná ń jó, bàbá náà sì bojú wẹ̀yìn. Mo tètè tún un ṣe. Nígbà tó di orin karùn-ún, èjìká ń ro mí gan-an. Ọkọ mi ló gbé omi sí mi lẹ́nu, torí ọwọ́ mi ò ráyè.

Orin ìkẹyìn dé. Ó kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ ìkejì. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn kúrò nídìí máìkì, ó ń wò mí. Àwọn onílù ń yí ibì kan náà po, wọ́n ń dúró dè é. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, èmi náà dúró.

Ó kọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá tó ń pè é, ẹ̀yìn mọ́tò tó sá pamọ́ sí, ìtìjú. N kò gbójú kúrò lára bàbá náà.

Ó gbé bàlúùnù rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe èmi ló dá lóhùn. Ó na ọwọ́ sókè kọjá orí àwọn èrò, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fún mi láyè láti kọ ọ́ síbí: "Mo mọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ mọ́tò. Mo dúró dè ọ́ títí o fi jáde."

Renee fi máìkì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a lóhùn. Ìlù ń dún, èrò ń pariwo, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ, àfi àwọn méjèèjì. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo kẹ̀yìn sí wọn.

Ọkọ mi bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní iṣẹ́ mi ti parí.