Ọkọ̀ Tí Ọkọ Mi Fi Etí Rà

Dókítà Omi ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga ló ń tọ́jú. Bí ẹ̀rọ kan bá ṣàìsàn, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Tó bá débẹ̀, kì í tètè tú nǹkan kan. Á ti orí sípánà gígùn kan mọ́ ara ẹ̀rọ náà, á fi orí kejì há etí, á di ojú, á sì sọ rọ́bà tó ti jẹ tàbí nọ́ọ̀tì tó ti dẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà nílé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo mọ̀ pé ó ṣì í. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọkọ mi kì í ṣe òmùgọ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ni ti àwọn ìletò mọ́kànlá tó wà lẹ́yìn odò. Wọ́n para pọ̀, wọ́n ń san owó fún un lóṣooṣù, àdéhùn kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn: bí ẹ̀rọ ìletò kan bá dákẹ́, ọkọ mi gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Bí kò bá débẹ̀, wọ́n lè wá ẹlòmíì. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà la máa ń háyà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ara ò gbà fún un mọ́, ó ta ọkọ̀ náà, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó di dandan kí àwa náà ra tiwa.

Méjì irú rẹ̀ ni ọkọ mi rí, àlòkù ni méjèèjì. Èkíní wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ọkọ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì sí, obìnrin náà sì jókòó tì wá, ó sọ ohun tó máa ń tètè bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sọ ibi tí a ti lè rí i rà àti iye tó jẹ́. Èkejì wà lẹ́yìnkùlé awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Owó tiẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì owó ti èkíní lọ.

Ti obìnrin yẹn lọkọ mi fẹ́. Owó rẹ̀ ò tó o, ó wá bẹ̀ mí pé kí n fi owó tí mo ní ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kún un. Èmi ni mò ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rù níléèwé kan. Páálí ẹfun ìkọ̀wé àti ìgbálẹ̀ ni mò ń kà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kó owó yẹn jọ kí n lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, kí n sì kúrò nídìí ìgbálẹ̀ kíkà. Mo ní rárá. Mo ní ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́, èyí tó sì fẹ́ máa lọ yí nínú ẹrẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹwà ṣe? Mo fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ó ti ń ṣe bí ọlọ́lá. Kò bá mi jiyàn.

A bá lọ sílé awọnlẹ̀. Ọkọ mi ní kó tan ẹ́ńjìnnì, ó yọ sípánà gígùn rẹ̀ síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ó gbọ́ ti òkè, ó gbọ́ ti ẹ̀gbẹ́, ó di ojú títí ó fi sú mi. Nígbà tó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì yìí," ó ní.

Òótọ́ ló sọ. Títí dòní, ẹ́ńjìnnì yẹn ò ṣẹ̀ wá. Àṣìṣe tó ṣe, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nìkan ló lè ṣe é. Ẹ̀rọ omi kì í lọ síbì kankan. Ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí náà ló máa kú sí, ohun tó bá sì ń ṣe é, ara rẹ̀ lèèyàn á ti gbọ́ ọ. Ọkọ mi ò tíì tọ́jú ohun tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ kiri rí. Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Ó wà á yípo àgbàlá awọnlẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sanwó, ó sì wà á gba orí títì ọlọ́dà délé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí, torí kò pẹ́ tí táyà fi jẹ tán, wọn kì í sì í ta irú táyà rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ra táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé owó oṣù mi méjì mì. Epo díísù tó ń mu, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ la tó mọ ohun tí a rà. Ọkọ mi dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí odò, táyà ẹ̀yìn ń yí nínú ẹrẹ̀, àwọn ti iwájú ń wòran. Èèyàn mẹ́jọ ló bá a tì í. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ní irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú ò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n ti yọ ọ́ láti ọdún gbọ́nhan. Èmi fúnra mi lọ bá awọnlẹ̀. Ó ní inú ìlú lòun ń wà á, òun ò nílò irin yẹn, àti pé a ò bi òun. Inú bí mi débi pé mi ò rántí ibi tí mo gbà délé.

A ra irin náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀kì ó kan bíréèkì. Gbogbo ìgbà ni mẹkáníìkì ń nu ọwọ́ lára ṣòkòtò rẹ̀, tó ń sọ pé èyí nìkan ló kù. Mo wá kórìíra gbólóhùn yẹn. Ẹ̀yìn ìwé ìkẹ́rù mi ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, nígbà tó sì di oṣù keje, mo rò ó pọ̀: iye tí a fi rà á pẹ̀lú iye tí a fi tún un ṣe ti kọjá owó ọkọ̀ obìnrin yẹn. Mo gbé ìwé náà síwájú ọkọ mi níbi tó ti ń jẹun.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Tá a bá tà á báyìí, ta ló máa san gbogbo ohun tá a ti ṣe sí i fún wa?"

Mo ní kó máa tún un ṣe lọ nígbà náà, títí á fi ra odindi ọkọ̀ míì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọkùnrin tó ń gbọ́ àìsàn irin látòkèèrè, kí ló dí i létí lọ́jọ́ yẹn? Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Ó kó àwo rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tí mo sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò dárúkọ owó tí mo fi dù ú. Mo mọ̀ nípa rẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni ẹ̀rọ ìletò kẹjọ dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, orí búlọ́ọ̀kù ni ọkọ̀ wa wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, jíà rẹ̀ wà lórí tábìlì ní wẹ́wẹ́. Ọkọ mi wá ọkọ̀ tó lè háyà kiri, kò sẹ́ni tó gbà láti gba ọ̀nà yẹn. Alùpùpù lè gbé e dé bèbè odò, àmọ́ kò lè gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń fa páìpù jáde. Lọ́jọ́ kẹta, àgbẹ̀ kan fi katakata gbé e sọdá. Kò lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Rọ́bà róbótó kan ló jẹ, kò tóbi ju ẹ̀gbà ọwọ́ mi lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé, akọ̀wé àwọn ìletò náà wá sílé wa. Ọmọ ìletò kẹjọ ni, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ó ní wọ́n ti ṣèpàdé, ẹnì kan tó ń gbé lódìkejì odò ló máa gba iṣẹ́ náà. Ó ní ó dun òun. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ àwọn ilé ẹ̀rọ.

Ọkọ mi ò bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó, ó gbé òrùka kọ́kọ́rọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ti ìletò kejì, kí wọ́n máa fi gíríìsì sí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ti ìkẹrin, tó bá ń súfèé, kí wọ́n má pa á, ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ti ìkẹfà ò fẹ́ kí wọ́n tan án nígbà tí oòrùn bá mú.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Mi ò lè gba ìyẹn mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá akọ̀wé," mo ní, "èmi ni mo fà á. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ tó dáa, èmi ni mo fi owó mi pamọ́. Owó yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo lè lọ gbà á lọ́jọ́ Ajé, ká ra èyí tó dáa."

Ọkọ mi ò gbójú sókè. Akọ̀wé wò mí, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

"Ìyàwó Dókítà," ó ní, "ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi mu omi odò. Wọn ò tíì dìde nílẹ̀ látìgbà náà."

Ọkọ mi ti dé orí kọ́kọ́rọ́ ìkẹjọ nígbà yẹn. Ó bi í bóyá màmá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, akọ̀wé ní rárá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Mẹ́ta tó kù, ó kó wọn fún un pọ̀, kò sọ nǹkan kan nípa wọn.