Ta Ló Yí Odó Màmá Padà?

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ọkọ mi ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi í. Tíṣà ni mí, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò sì nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ iwin rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́, mi ò ní fi pamọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá ọkọ mi. "Ìyàwó" ló máa ń pè mí, bí mo tilẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó mọ iyán gún, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí a ra gáàsì, kò sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń dáná igi rẹ̀ sí. Ó ní iná tí kò ní eérú, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ tó bá kú? Ẹ̀rín la fi í rín.

Lẹ́yìn tó kú, a dojú odó rẹ̀ dé sábẹ́ igi máńgòrò, a fi ọmọ odó ti ara ògiri. Ẹ̀rọ la fi ń gún iyán báyìí, kí Màmá má gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ ò sí nílé, ọkọ mi ti Èkó dé lọ́sàn-án. Ó pè mí ní ilé ìwé ní Ìgbàrà-Odò pé òun ti gbé ẹ̀wà kaná, kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Mo ṣàdúrà fún un dáadáa. Ọkọ tó ń se ẹ̀wà de ìyàwó, mélòó ló wà níta?

Òjò rọ̀ lé mi lórí títí mo fi dé Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti mú iná lọ. Fóònù mi ti kú. Kò bà mí lẹ́rù, torí àbẹ́là àti ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Bí mo bá ti wọlé báyìí, ibẹ̀ lọwọ́ mi máa ń kọ́kọ́ lọ.

Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ gbì.

Mo dúró. Gbì, gbì, gbì. Ẹnìkan ń gún iyán lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dá ọwọ́ Màmá mọ̀: á gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dúró mí, á tún gún un.

Ohùn kan wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí mi pé, "Ìyàwó. Ẹ̀yìn ulé ni kí o gbà."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Bí mo ṣe yọ sẹ́yìn, ìró náà dákẹ́. Kò sẹ́nì kankan. Òkè Olósùnta nìkan ló dúdú lókèèrè, omi sì ń kán láti orí páànù.

Odó Màmá wà níbẹ̀, ó kọjú sókè.

Mo ń wò ó ni òórùn kan gbá mi nímú láti abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Gáàsì ni. Mo rántí ẹ̀wà, mo rántí ọkọ mi, mo rántí ìṣáná tí ǹ bá ti ṣá ní pálọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo séèémí, mo fọwọ́ wá orí sílíńdà nínú òkùnkùn, mo yí i pa. Mo ń ṣí fèrèsé bí wèrè. Mi ò ṣáná, mi ò tẹ súìṣì. Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn bí ẹni tó mutí yó. Mo gbá a létí, mo wọ́ ọ gba ilẹ̀kùn iwájú jáde. Ó bì, ó wúkọ́. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ń sunkún ọpẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mú iná dé. Àwọn ọmọ àdúgbò hó. Fíríìjì wa nínú pálọ̀ ta pàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo di ọkọ mi mú gírígírí. Atẹ́gùn ti gbá gáàsì jáde tán, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ̀wà ló hó dà sórí iná tó sì pa á, nígbà tí ọkọ mi ti lọ sùn. Òjò ló mú un ti gbogbo fèrèsé. Iná kú, kò sẹ́ni tó mọ̀, bí Màmá ṣe wí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní òun lálàá pé òun wà lọ́mọdé, ìyá òun ń gún iyán, ó ní kí òun má sùn o, iyán ti ń kúnná. Mi ò sì tíì sọ nǹkan kan fún un nígbà yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, àwa méjèèjì lọ wo odó. Iyán lẹ̀ mọ́ ẹnu ọmọ odó, ó ṣì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí iṣu nínú ilé wa.

Ta ló gún un? Mi ò lè sọ. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí n di opó." Ọkọ mi fẹ́ dojú odó náà dé padà, mo ní kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi gáàsì dáná, ẹ má gbé nǹkan kaná kẹ́ ẹ lọ sùn. Tẹ́ ẹ bá sè tán, ẹ pa á láti orí sílíńdà. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì, ẹ ṣí ilé sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde. Èmi ní ìyá ọkọ tó padà wá. Mi ò mọ ẹni tí ẹ̀yin ní.