“Tì” Tí Mo Fò Nílé Ẹjọ́

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní Elédè Mẹ́ta ní ilé ẹjọ́ májísíréètì kan ní Kaduna, tí orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Akọ̀wé kékeré tó ń to fáìlì lásán ni mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹ ó rò pé adájọ́ ló ń bọ̀. Mo gbọ́ Haúsá, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ Yorùbá tèmi, ti inú ilé ni. Ìyá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ṣúgà àti ọṣẹ ní àdúgbò Mahuta, á bá mi sọ Yorùbá, èmi á fi Haúsá dá a lóhùn, a ó sì jọ máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa gbọ́ èdè, ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ ọ́n.

Láyé ìgbà yẹn, ìpàdé àwa Yorùbá ní àdúgbò Nasarawa, ní Kaduna níbẹ̀, kì í ṣe ohun téèyàn ń pa jẹ, nítorí Tíṣà. Ará Kogi ni Tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń kún gbọ̀ngàn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwa ọ̀dọ́ tí Yorùbá kì í yá lẹ́nu wa, tìtorí tirẹ̀ la ṣe ń lọ. Bó bá fẹ́ bá olóṣèlú wí, á kọ́kọ́ yìn ín, á gbé e ga, á tún gbé e ga sí i, ká tó mọ̀, ó ti já a sílẹ̀, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá á máa nu omi ojú. Ọjọ́ Àìkú wọ̀nyẹn dùn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n parọ́.

Ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà lọ́dún tí mò ń wí yìí. Tíṣà dìde níbi ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún wa nígbà gbogbo. Ẹnì kan fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn náà dé ọ̀dọ̀ alága ìjọba ìbílẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà bá wí, ọlọ́pàá sì wá mú Tíṣà nílé. Wọ́n ní ó ń ti aráàlú láti pààyàn. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn ní Kaduna, ìlú tó ti rí rògbòdìyàn, tí kò sí ẹni tí kò mọ ẹnì kan tó bá a lọ.

Ilé ẹjọ́ wa kò ní ògbufọ̀ Yorùbá. Èmi ni mo nawọ́ sókè. Wọ́n tẹ fóònù náà, ohùn Tíṣà sì jáde: “Ẹ pa gbogbo àwọn tó ń fi omi ẹ̀rọ tàn wá jẹ láti ọjọ́ yìí wá tì!”

Bí mo ṣe gbọ́ “ẹ pa”, mi ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún adájọ́ pé ó ní kí wọ́n gbẹ̀mí gbogbo wọn. Mo gbọ́ “tì” tó wà lẹ́yìn o! Mo kàn rò pé ìró tí àwọn àgbà fi ń parí ọ̀rọ̀ ni. Tíṣà, tí kò ní lọ́yà, sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú.

“Ó dá mi lójú, sà.”

Tíṣà wò mí, kò bínú. “Ọmọ mi,” ó ní, “parí ọ̀rọ̀ náà.”

Mo rò pé ó fẹ́ dọ́gbọ́n ni. Tèmi ni adájọ́ gbà gbọ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún kan.

Nírọ̀lẹ́, mò ń ròyìn fún ìyá mi bí mo ṣe fakọ yọ. Ó ní kí n sọ ohun tí bàbá náà wí gan-an. Mo sọ ọ́ tán, ó gbé ọṣẹ tó ń tò kalẹ̀.

“Kí lo ní ó túmọ̀ sí?”

“Kashe su mana,” mo fi Haúsá sọ pé kí wọ́n pa wọ́n ni.

“Yéè! Pa wọ́n tì lo sọ di pa wọ́n? Ìgbà tí mo ní kó o pa ọ̀rẹ́ ẹ yẹn tì, ṣé ọ̀bẹ lo gbé? Ó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n má dá wọn lóhùn mọ́ ni! O ti fẹnu ẹ rán ọkọ ọlọ́kọ lẹ́wọ̀n!”

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ojo ni mí nígbà náà, kò yẹ kí n fi pa mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dákẹ́, tí bàbá náà wà lẹ́wọ̀n. Mò ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ń bẹ̀rù àwọn ọmọ ẹ̀yìn alága tó máa ń jókòó sábẹ́ igi iwájú ilé ẹjọ́. Ìyàwó Tíṣà ló wá bá mi, òun àti lọ́yà obìnrin kan láti àdúgbò Ungwan Rimi tó ti bá wọn pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí ilé ẹjọ́ gíga. Lọ́yà ní àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tiwa ni àwọn adájọ́ ọ̀hún máa kà, “gbẹ̀mí wọn” ló sì wà níbẹ̀, àyàfi bí ẹni tó ṣe ògbufọ̀ bá búra pé òun ṣe àṣìṣe. Ìyàwó Tíṣà kò bá mi jà rárá. Ó kàn ní, “Jọ̀wọ́, ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti ń ga níbẹ̀.”

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa, rẹ́jísítírà, ọmọ Haúsá ni. “Kin tabbata?” ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ó dá mi lójú. Ó mí kanlẹ̀, ó na bírò sí mi pé kí n kọ ìbúra náà sílẹ̀.

Nílé ẹjọ́ gíga, adájọ́ méjì ló jókòó. Ọ̀kan ní kí n fẹnu ara mi sọ gbólóhùn náà, kí n sì túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ dópin, tòun ti “tì” rẹ̀. Wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ẹni ni láti sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó má tẹ̀ lé olóṣèlú mọ́. Tíṣà ti lo oṣù márùn-ún lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kò sí àyè ìjókòó. Gbogbo wa ń retí rẹ̀. Tíṣà dìde, ó mú ìwé kan jáde lápò, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kà á jẹ́jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi pàápàá, ó sì jókòó. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ Yorùbá?”

Ó gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́. “Èyí ò nílò ògbufọ̀, ọmọ mi.”

Ó ti pẹ́ báyìí. Tíṣà ti lọ sinmi, èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní màmá níbi iṣẹ́. Àwọn tó mọ ìtàn náà máa ń yìn mí pé èmi ni mo gba bàbá náà sílẹ̀. Lóòótọ́, ó padà sílé, ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀ kó tó kú. Ṣùgbọ́n kò tún sọ Yorùbá láwùjọ mọ́ títí ó fi lọ, èmi ni mo sì gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.